Àwòrán ọlọ́dà àti gbọ̀ngàn orí íntánẹ́ẹ̀tì: bẹ́ ẹ ṣe máa gbé iṣẹ́ yín kọ́ síbẹ̀ tí kò ní sọ ara ẹ̀ nù

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ń gbé iṣẹ́ wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ò ju pé kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán náà, kí wọ́n gbé e sínú gbọ̀ngàn kan (yàrá àfihàn tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, téèyàn lè rìn kiri nínú ẹ̀) tí wọ́n bá nílẹ̀ nínú ápù, kí wọ́n wá pín líǹkì. Àwọn èèyàn á wọlé, wọ́n á yí ibẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jáde, kò sì sẹ́ni tó máa rántí àwòrán kankan níbẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ yẹn ò dáa o. Nǹkan méjì tó jẹ́ ẹ̀mí àwòrán ọlọ́dà, ìyẹn bó ṣe tóbi tó àti bí ojú ara ẹ̀ ṣe rí, ló ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé gbọ̀ngàn.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àwòrán Rembrandt tí wọ́n ń pè ní The Night Watch, tó yà ní 1642, tó wà ní músíọ́mù Rijksmuseum ní Amsterdam, gíga ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3.8, fífẹ̀ ẹ̀ lé ní mítà 4.5, èèyàn tó bá dúró níwájú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé orí sókè kó tó rí i tán. Àwòrán Salvador Dalí tí àwọn aago ti rọ̀ dẹ̀rẹ̀, ti 1931, tó wà ní músíọ́mù MoMA ní New York, sẹ̀ǹtímítà 24 sí 33 péré ni, díẹ̀ ló fi ju bébà A4 lọ. Lójú fóònù, bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe máa rí. Ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn níbẹ̀ ò ní mọ̀ pé ọ̀kan tóbi ju ògiri yàrá míì lọ, èkejì sì ṣeé gbé sí abíyá.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀ ni pé gbọ̀ngàn orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ibi ìkó-fóòtò-sí. Ibòmíì ni, ó ní ògiri tiẹ̀, iná tiẹ̀, ẹ sì máa tún iṣẹ́ yín gbé kọ́ síbẹ̀ látilẹ̀ ni, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tẹ́ ẹ bá gbé e wọ gálárì gidi. Ó sì tún lè bá kánfáàsì sọ̀rọ̀ padà nígbà tí ọ̀dà ò tíì gbẹ, màá dé ibẹ̀.

1. Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó ya fóòtò ẹ̀

Ẹ mú téèpù àti ìwé. Ẹ wọn gíga, fífẹ̀, àti nínípọn ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ kọ ti fírẹ́ẹ̀mù sọ́tọ̀ tó bá ní fírẹ́ẹ̀mù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wọn nínípọn, bẹ́ẹ̀ kánfáàsì tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 4 máa ń ju òjìji sára ògiri lọ́nà tó yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ 2, òjìji yẹn ló sì ń sọ fún ojú pé nǹkan gidi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ náà bóyá ojú ẹ̀ ń dán àbí kò dán, ibi tí ọ̀dà ti ki gan-an, àti bóyá ẹ kun ẹ̀gbẹ́ kánfáàsì tàbí ẹ fi í sílẹ̀ ní funfun.

Lẹ́yìn náà ẹ rìn sẹ́yìn níwájú àwòrán náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ máa fi dé ibi tí gbogbo ẹ̀ ti parapọ̀ lójú yín, tí ẹ ò rí bùrọ́ọ̀ṣì mọ́ tó jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ yà lẹ ń rí. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín yín àti ògiri. Ẹ tún sún mọ́ ọn títí ẹ máa fi rí ibi tí ojú ti fẹ́ máa tẹ̀ lé ọwọ́ bùrọ́ọ̀ṣì, ẹ wọn ìyẹn náà. Àwọn nọ́ńbà méjì yìí máa wúlò gan-an tó bá yá, torí àkọ́kọ́ ni ibi tí àlejò máa kọ́kọ́ dúró sí nínú gbọ̀ngàn, èkejì ni ibi tó ti yẹ kí fóòtò tó mọ́ jù fara hàn.

2. Yíyà fóòtò

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ẹ má sáré ṣe é. Fóòtò tí ò dáa, kò sí gbọ̀ngàn tó lè tún un ṣe.

Tí àwòrán bá wà lẹ́yìn gíláàsì, ẹ yọ ọ́. Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri tàbí orí ìdúró kó dúró ṣánṣán. Ẹ lo iná méjì tó jẹ́ irú kan náà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí kálukú wà ní dígírì 45 sí ojú àwòrán, kí wọ́n sì jìnnà sí i bákan náà. Gílóòbù tó wà láàárín 5000K sí 5500K (ìmọ́lẹ̀ tó funfun bíi ti ọ̀sán) tí CRI ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an tó, lé ní 95 ló dáa jù, torí gílóòbù tí CRI ẹ̀ kéré máa ń pa àwọ̀ pupa, ẹ á sì máa rò pé kámẹ́rà ló ń ṣe é. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa iná òkè yàrá, torí tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bá dà pọ̀ mọ́ iná gílóòbù, apá kan àwòrán á lọ sí búlúù, apá kejì á lọ sí yẹ́lò, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tó máa bọ́ sí i dáadáa. Ẹ wọ aṣọ dúdú, pàápàá tí fáníìṣì bá wà lójú àwòrán náà, nítorí aṣọ funfun tàbí pupa máa ń fara hàn lórí ohun tó ń dán.

Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dojú kọ àárín àwòrán gbọnrangandan. Ọ̀nà kan wà tó rọrùn tí àwọn tó ń ya iṣẹ́ ọnà máa ń lò: ẹ mú dígí kékeré kan tó pẹlẹbẹ, ẹ fi lé ojú àwòrán ní àárín gan-an láìtẹ̀ ẹ́, ẹ wá wo inú kámẹ́rà. Tẹ́ ẹ bá rí àárín lẹ́ǹsì yín nínú dígí yẹn, ó ti gún. Tẹ́ ẹ bá rí ògiri tàbí èjìká yín, kámẹ́rà ti wọ́, àwòrán tó yẹ kó ní igun mẹ́rin tó dọ́gba á wá fẹ̀ lókè kó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní àwọn á fi sọ́fútíwíà nà án tó bá yá, ó ṣeé ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá nà án lẹ ń pàdánù nínú ìwọ̀n tẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ wọ̀n.

Ẹ lo tráípọ́ọ̀dù, ẹ fi ètò kámẹ́rà sí ISO 100 àti f/8, kẹ́ ẹ sì fi kámẹ́rà sí táímà kó má báa gbọ̀n nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ǹsì 50mm sókè ló dáa jù, èyí tó fẹ̀ jù máa ń tẹ etí àwòrán. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, ẹ má lo lẹ́ǹsì ẹ̀ tó fẹ̀, ẹ lo ti 2x tàbí 3x kẹ́ ẹ sì rìn sẹ́yìn. Ẹ ya á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe. Ẹ fi káàdì àwọ̀, èyí tó ní àpótí 24, sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán nínú fóòtò àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún ya èkejì láìfọwọ́ kan nǹkan míì. Láti mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, ẹ gbé bébà funfun sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yà á, ẹ wò ó bóyá funfun wọn jọra.

Ọ̀dà olóròóró tó ń dán máa ń fúnni ní wàhálà, á kàn máa kọ mọ̀nà lójú kámẹ́rà ni. Ohun tó ń pa á ni kẹ́ ẹ fi rọ́bà polarizer bo iná méjèèjì, kẹ́ ẹ fi fílítà polarizer sójú lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ wá yí ti lẹ́ǹsì títí dídán yẹn á fi pòórá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, torí bó ṣe ń pa dídán ló ń pa ìmí àwòrán, àwọn àwọ̀ dúdú á ṣú ju bí wọ́n ṣe rí lójú lọ, ojú ara ẹ̀ á wá dà bíi pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pósítà. Èmi máa ní kẹ́ ẹ ya méjèèjì, èyí tó ní polarizer àti èyí tí ò ní, kẹ́ ẹ wá pa wọ́n pọ̀ níwọ̀nba lórí kọ̀ǹpútà.

Kò tán síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan palẹ̀, láìgbé kámẹ́rà kúrò, ẹ pa iná kan, ẹ gbé èkejì sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kó rẹlẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ á máa rá kọjá lórí ojú ẹ̀. Ibi tí ọ̀dà ti ki á yọ bí òkè, òjìji bùrọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan á hàn, kódà okùn kánfáàsì á fara hàn níbi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́. Fóòtò yìí ló ń gbé ojú ara àwòrán dé gbọ̀ngàn. Tẹ́ ẹ bá lè yà á látapá mẹ́rin, òsì, ọ̀tún, òkè, ìsàlẹ̀, sọ́fútíwíà lè fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe normal map, ìyẹn fáìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ọ̀dà ti yọ sókè àti ibi tó ti wọlẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kí fóòtò tóbi tó? Kámẹ́rà tó ń ya píkísẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fóòtò) 6000 ní fífẹ̀, tó bá ya àwòrán tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 100, píkísẹ́lì 60 lẹ ní fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, ó tó fún gbọ̀ngàn. Tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yà á ní apá-apá kí apá kan máa gun orí èkejì ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá rán wọn pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn Rijksmuseum ṣe The Night Watch, fóòtò 8,439 ni wọ́n rán pọ̀ tí wọ́n fi rí àwòrán gígápíkísẹ́lì 717 (píkísẹ́lì bílíọ̀nù 717) tí wọ́n gbé jáde ní 2022. Ẹ ò nílò ìyẹn. Ọgbọ́n inú ẹ̀ lẹ nílò.

3. Àwọ̀

Ẹ jókòó ti àwòrán gan-an nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí fóòtò, ẹ má fi orí rántí àwọ̀. Ẹ fi káàdì àwọ̀ tẹ́ ẹ yà yẹn tún funfun àti eérú ṣe, ẹ pa fáìlì àgbà mọ́ ní TIFF 16-bit (irú fáìlì tí kì í jẹ́ kí àwọ̀ sọnù), ẹ wá ṣe ẹ̀dà sRGB, ìyẹn ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò, fún íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dà kan wà tí sRGB ò lè gbé tán, pàápàá tọ́kọ́ọ́sì àti àwọn búlúù aláwọ̀ ewé tó mú dáadáa. Ẹ má torí ẹ̀ fa àwọ̀ yòókù sókè kó lè tàn, irọ́ niyẹn, ẹni tó bá sì wá rí àwòrán lójú ara ẹ̀ lẹ́yìn náà á rò pé ó ti ṣá. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọ̀dà náà sára lébẹ́ẹ̀lì.

4. Gbọ̀ngàn wo?

Àwọn wẹ́bsáìtì bíi Kunstmatrix àti Artsteps ní gbọ̀ngàn tó ti wà nílẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́ tiẹ̀ fúnra ẹ̀ lè lo Blender, sọ́fútíwíà 3D tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kó gbé e jáde ní GLB (irú fáìlì 3D kan), kó fi three.js tàbí A-Frame, àwọn irinṣẹ́ kóòdù, gbé e sórí wẹ́bsáìtì. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lo èyí tó wà nílẹ̀, àmọ́ ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kó iṣẹ́ wọ ibẹ̀: ṣé mo lè kọ ìwọ̀n àwòrán ní sẹ̀ǹtímítà? Ṣé mo lè pa iná tó ń tàn sójú àwòrán? Ṣé mo lè kó nǹkan mi jáde?

Ìbéèrè kẹta yẹn ṣe pàtàkì jù lọ, torí ilé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wó. AltspaceVR, ibi ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Microsoft, ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹta 2023, Mozilla náà sì pa Hubs, irú ibẹ̀ tiwọn, ní May 31, 2024, bẹ́ẹ̀ àwọn ayàwòrán tó pàtẹ síbẹ̀ pọ̀. Fáìlì TIFF yín, GLB yín, àti ìwé kan tó sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà lára ògiri, kí wọ́n wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ̀dà wọn sì wà níbòmíì.

5. Gbígbé e kọ́

Ní glTF (ètò fáìlì tí GLB jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀) àti Unity (sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù), ẹyọ kan dúró fún mítà kan, nítorí náà àwòrán tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 máa jẹ́ 0.6. Ní Unreal, sọ́fútíwíà géèmù míì, sẹ̀ǹtímítà ni ẹyọ kan, á jẹ́ 60. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà ti ọ̀kan lọ sínú èkejì, àwòrán ẹ̀ á di ilé alájà tàbí kó di sítáǹpù.

Kí àárín àwòrán wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 145 sí 155 láti ilẹ̀, bí ọ̀pọ̀ músíọ́mù ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ ìwọ̀n ẹ̀ sínú gbọ̀ngàn: ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2, àga gbọọrọ kan. Láìsí wọn, ojú ò ní ohun tó máa fi wọn nǹkan, gbọ̀ngàn tó ga tó mítà 10 tí ò ní ilẹ̀kùn á kàn dà bíi yàrá ni, gbogbo àwòrán inú ẹ̀ á sì dà bíi káàdì. Mo rí gbọ̀ngàn tí wọ́n fi òkúta dídán tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀, tí omi ń ṣàn láàárín, tí òrùn ń wọ̀ lẹ́yìn ògiri gíláàsì, mi ò lè sọ ohun tó wà nínú àwòrán kankan níbẹ̀. Ògiri tí ò dán, àwọ̀ tó rọlẹ̀, àyè tó pọ̀ láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì, ó ti tó.

Ẹ gbé ibi tí àlejò máa kọ́kọ́ dúró sí sí ibi tẹ́ ẹ wọ̀n ní ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan tó jìnnà tó máa fi rin ìrìn ìṣẹ́jú méjì, púpọ̀ nínú wọn ò ní dé ibẹ̀.

Àyè tún wà láti ṣe ohun tí yàrá gidi ò ní gbà yín láyè ṣe. Ní Musée de l'Orangerie ní Paris, wọ́n ṣe yàrá méjì tó rí roboto gígùn bí ẹyin fún àwòrán òdòdó omi Claude Monet, mẹ́jọ ni wọ́n, gíga wọn tó bíi mítà 2, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń wọlé látòkè, wọ́n sì ṣí i ní 1927. Iṣẹ́ ló sọ bí ògiri ṣe máa rí. Ní gálárì tẹ́ ẹ háyà, ẹ ò lè wó ògiri, ṣùgbọ́n nínú Blender ẹ lè tẹ ògiri kó tẹ̀ lé iṣẹ́ yín, ẹ lè fi yàrá kan ṣoṣo fún àwòrán kékeré kan, kí àlejò máa bọ̀ láti ibi tó ṣókùnkùn. Ibi tẹ́ ẹ ti lè lo ọpọlọ yín nìyẹn, kì í ṣe nídìí omi tó ń ṣàn.

6. Iná inú gbọ̀ngàn

Fóòtò tẹ́ ẹ yà ti ní ìmọ́lẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún gbé e sí abẹ́ iná inú gbọ̀ngàn, ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà lórí ara wọn, àwọ̀ tẹ́ ẹ ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí tún ṣe á yí padà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ojú àwòrán jẹ́ ohun tí iná ò lè kàn: ní three.js ẹ lo MeshBasicMaterial, ẹ fi toneMapped sí false, ẹ fi colorSpace sí SRGBColorSpace. Ní Unity, ẹ lo shader Unlit, ètò ojú nǹkan tí iná ò kàn. Tó bá jẹ́ Blender lẹ fẹ́ ti ya fóòtò gbọ̀ngàn náà jáde, ẹ lọ sí Color Management, ẹ yí View Transform kúrò ní AgX tàbí Filmic sí Standard, torí àwọn méjì yẹn máa ń rọ àwọ̀ tó mú, funfun á di eérú, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ ibi tó ti ń wá.

Ògiri, ilẹ̀ àti fírẹ́ẹ̀mù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí iná kàn, kẹ́ ẹ sì sè é mọ́ wọn lára (kí kọ̀ǹpútà yín ti ṣírò ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀ ṣáájú) kó má máa da fóònù láàmú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ọ̀dà tó ki gan-an lè yọ iṣẹ́ kan tàbí méjì sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi normal map sí wọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí iná kàn wọ́n, kí òjìji bùrọ́ọ̀ṣì máa yí bí àlejò bá ń rìn. Ó rẹwà gan-an. Àwọ̀ á yẹ̀ díẹ̀, àmọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú ara ló ń sọ̀rọ̀, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

7. Kó má wúwo jù

Fáìlì JPEG lè kéré, ṣùgbọ́n bó bá dé inú mẹ́mórì tí fóònù fi ń ya nǹkan, á tú. Àwòrán píkísẹ́lì 4096 sí 4096 tí wọn ò fún pọ̀ máa ń gba 64 MB níbẹ̀. Iṣẹ́ 20 á gba 1,280 MB, ọ̀pọ̀ fóònù á kàn ti ápù náà pa ni. Tó bá jẹ́ 2048, 16 MB ni kálukú, 320 MB lápapọ̀. Nítorí náà ẹ lo 2048 tàbí 1024 fún àwòrán tó wà lókèèrè, kí èyí tó tóbi wá wọlé nígbà tí àlejò bá dé ibi tó sún mọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì fún wọn pọ̀ ní KTX2, irú fáìlì tí kì í tú nínú mẹ́mórì. Ẹ dán an wò lórí fóònù tó ti pẹ́, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà yín.

Àwọn tó ń fi awò VR (èyí tí wọ́n ń dé sójú tó ń jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn gan-an) wò ó máa rí bó ṣe tóbi dáadáa, kò sí ohun tó dà bí ẹ̀ nídìí ìwọ̀n. Àmọ́ Quest 3, ọ̀kan lára àwọn awò náà, ń fúnni ní bíi píkísẹ́lì 25 fún dígírì kan, ojú èèyàn sì lè rí tó 60, nítorí náà láti ibì kan náà, wọn ò ní rí ọwọ́ bùrọ́ọ̀ṣì kedere tó bí ojú lásán ṣe máa rí i. Ẹ ṣe bọ́tìnnì kan tó máa ṣí fóòtò tó mọ́ jù, pẹ̀lú ti ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Lébẹ́ẹ̀lì: orúkọ, ọdún, ohun tẹ́ ẹ fi yà á, ìwọ̀n. Ẹ kọ àpèjúwe kúkúrú pẹ̀lú fún àwọn tí ò ríran, kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

8. Láti gbọ̀ngàn padà sídìí kánfáàsì

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, àwọn tó ń lò ó ò sì pọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń yàwòrán kéré, ẹ ò lè rìn sẹ́yìn ju mítà 2 lọ, ẹ ò sì lè mọ bí iṣẹ́ tó fẹ̀ ní mítà 2 ṣe máa rí láti mítà 6. Ẹ ya fóòtò iṣẹ́ tí ò tíì parí, ẹ gbé e kọ́ sínú gbọ̀ngàn ní ìwọ̀n ẹ̀ gan-an, ẹ rìn sẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn ibi tí ò parapọ̀ á yọjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, ẹ gbé àwòrán àkọ́yà kékeré kọ́ ní ìwọ̀n mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà 60, 100, àti 150, kẹ́ ẹ tó na kánfáàsì kankan. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ méjì tẹ́ ẹ fẹ́ pàtẹ pọ̀, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ máa rí i bóyá ọ̀kan ń pa èkejì.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan ṣá. Ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde, kánfáàsì ń gba ìmọ́lẹ̀ ni. Ibi dúdú tó hàn kedere lójú kọ̀ǹpútà lè ṣú pátápátá lára ògiri. Ẹ lo gbọ̀ngàn láti pinnu ìwọ̀n, ètò, àti àyè, ṣùgbọ́n ìpinnu lórí àwọ̀ dúdú, iwájú kánfáàsì nìkan lẹ ti máa ṣe é.

Kẹ́ ẹ tó wá pín líǹkì fáyé, ẹ wá ẹnì kan tí ò tíì rí àwọn iṣẹ́ yìí lójú rí, kó rìn yí gbọ̀ngàn ká, kẹ́ ẹ wá ní kó fi ọwọ́ méjèèjì hàn yín bí àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Ẹ fi téèpù wọn àyè tó wà láàárín ọwọ́ ẹ̀. Tó bá jìnnà sí ìwọ̀n gidi, ẹ padà lọ wo gíga gbọ̀ngàn, ilẹ̀kùn, àti ibi tí àlejò ń dúró sí, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì bi ẹlòmíì.